Àwo àkọ́kọ́ tí kò tà: Ìtàn ìgbésí ayé Hárúnà Ìṣọ̀lá, ọ̀gá àwọn olórin Àpàlà

Bí wọ́n bá dárúkọ olóògbé Alhaji Hárúnà Ìṣọ̀lá lónìí, ohun tó máa ń sọ sí àwọn àgbà lọ́kàn ni agbádá ńlá, òde àríyá tí àwọn olówó ti ń náwó bí ẹlẹ́dà, àti ohùn kan tó rọra ń jáde láàárín ìlù bí ẹni tí kò kánjú rárá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé bí ọkùnrin náà ṣe la ẹnu kọrin lọ́jọ́ àkọ́kọ́ báyìí ni gbogbo ayé gbà á. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Àwo orin àkọ́kọ́ tí Hárúnà Ìṣọ̀lá gbé jáde kò tà. Ọjà kò gbà á, àwọn ènìyàn kò béèrè fún un, ó sì tó nǹkan bí ọdún méje kí orin yẹn kan náà tó padà wá sọ ọ́ di ìlú-mọ̀ọ́ká.

Ọdún 1919 ni wọ́n bí Hárúnà Ìṣọ̀lá Bello. Ìlú Ìjẹ̀bú-Igbó ni orúkọ rẹ̀ so mọ́ títí dòní, ibẹ̀ náà ló sì kó èrè iṣẹ́ rẹ̀ lọ nígbà tó yá. Lásìkò tó ń dàgbà, Àpàlà kò tíì di orin tí àwọn ènìyàn ńlá ń fi owó gọbọi pè sóde. Àárín àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá, pàápàá lágbègbè Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá, ni orin náà ti ń gbilẹ̀. Ìlù gángan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, agogo, àkúbà àti agídìgbo ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí agídìgbo rí mọ̀ pé àpótí igi ni, tí wọ́n kan irin tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ lójú, tí onílù sì ń fi ìka ta á kí ó lè máa dún lábẹ́ orin.

Kì í ṣe pé orin ìbílẹ̀ kò tíì wọ inú àwo nígbà náà. Abíbù Olúwa ti fi Sákárà ṣe àwo ṣáájú kí Hárúnà tó dé, Túndé King náà sì ti gbé Jùjú jáde láàárín àwọn ọdún 1930. Nítorí náà, ọmọkùnrin tó bá gbójú lé iṣẹ́ orin nígbà yẹn mọ̀ pé àwo ni ọ̀nà tí orúkọ òun lè gbà dé ibi tí ẹsẹ̀ òun kò lè dé. Ní ọdún 1947, Hárúnà Ìṣọ̀lá kó àwọn onílù àti elégbè jọ, ó dá ẹgbẹ́ Àpàlà tirẹ̀ sílẹ̀. Ní ọdún kejì, ìyẹn 1948, ẹgbẹ́ náà ráyè wọ iwájú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀.

Orin tí wọ́n fi kí Orímolúsì

Ilé iṣẹ́ His Master's Voice, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní HMV, ló gbé àwo náà jáde. Àwọn àgbà kò ní í gbàgbé àwo ilé iṣẹ́ yìí, nítorí àwòrán ajá tó jókòó síwájú giramafóònù tó wà lára rẹ̀. Ẹni tí Hárúnà fi orin náà kí ni Ọba Adébóyè, Orímolúsì ti Ìjẹ̀bú-Igbó. Ìgbésẹ̀ ọlọgbọ́n ni, nítorí olórin tó bá fẹ́ kí ilé mọ òun kí òde tó mọ òun, ààfin ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀. Ọba wà láyé, ìlú wà ní tirẹ̀, orin sì dùn.

Síbẹ̀, àwo náà kò rìn. Ẹ jẹ́ kí àwọn tí kò bá ìgbà náà mọ irú àwo tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ yìí. Kì í ṣe àwo ńlá tí ènìyàn lè gbé kalẹ̀ kó sì máa gbọ́ ọ fún ogún ìṣẹ́jú. Àwo líle ni, ó wúwo, bó bá sì já bọ́ nílẹ̀, ó fọ́ nìyẹn. Ojú rẹ̀ kan kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Giramafóònù tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí ni wọ́n fi ń gbọ́ ọ, abẹ́rẹ́ rẹ̀ a sì máa jẹ, wọn a máa pààrọ̀ rẹ̀. Òkè òkun ni wọ́n ti ń tẹ àwo lásìkò yẹn, ọkọ̀ ojú omi ló ń kó o wá sí èbúté. Ẹni tó bá ní giramafóònù nílé, ènìyàn kan ni láwùjọ.

Ẹni tó bá mọ Àpàlà dáadáa yóò mọ ohun tó le nínú ọ̀rọ̀ yìí. Òru ni wọ́n fi ń ṣe Àpàlà. Olórin a kọ́kọ́ júbà, a kí àwọn àgbà, a wá mú ìdílé kan, a tọpa rẹ̀ láti orí bàbá ńlá dé orí ọmọ, a fi òwe ha á, a fi àwàdà sí i, ìlù a sì máa dá a lóhùn. Báwo ni ènìyàn ṣe fẹ́ kó gbogbo èyí sínú ìṣẹ́jú mẹ́ta? Kí olórin tó gbọn aṣọ rẹ̀ dáadáa, àwo ti parí. Ohun tó ń mú àwọn ènìyàn sunkún ayọ̀ lójú agbo kò rọrùn láti dì sínú ohun tó kéré bẹ́ẹ̀, pàápàá fún ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò tíì débì kan.

Ọdún méje lójú agbo

Ẹlòmíràn ì bá ti padà sídìí iṣẹ́ mìíràn. Hárúnà kò ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Nígbà tí àwo kò gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ bá wọn. Ó ń lọ láti òde kan sí òmíràn, láti ìlú kan sí ìkejì. Ìsìnkú ni, ìkómọ ni, ìwúyè ni, ìṣílé ni, ibi tí wọ́n bá ti pè é ló ń lọ.

Àkókò náà sì dára fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ẹ dàgbà nígbà yẹn, tàbí tí àwọn òbí yín sọ fún, mọ ohun tí kòkó ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Owó kòkó lọ sókè. Ilé alájà gbòde, àwọn olókòwò ra ọkọ̀ akẹ́rù, àwọn mìíràn rán ọmọ wọn lọ sí ìlú Òyìnbó. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ là fẹ́ kí aráyé gbọ́ pé òun ti là, ẹni tó ti ibi ire wá náà fẹ́ kí wọ́n rántí ibi tí òun ti wá. Olórin tó mọ oríkì, tó lè dárúkọ bàbá àti ìyá ènìyàn láìṣìnà, kò ní í jókòó láìrí iṣẹ́ ṣe. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn olówó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn du ọjọ́ Hárúnà.

Nígbà tó di nǹkan bí ọdún 1955, ìròyìn burúkú dé. Ọba Adébóyè, Orímolúsì tí Hárúnà fi àwo àkọ́kọ́ kí, wàjà nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ òfuurufú. Ọkọ̀ òfuurufú kò wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ wa lásìkò náà, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ pé kí ọba aládé bá a lọ. Ọ̀rọ̀ náà mi ìlú.

Hárúnà Ìṣọ̀lá padà sídìí orin rẹ̀ àtijọ́. Ó tún orin Orímolúsì kọ, wọ́n sì tún un gbà sílẹ̀ sínú àwo tuntun. Lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ní 1948 ló ṣẹlẹ̀. Àwọn ènìyàn ra àwo náà. Orin tó jẹ́ ìkíni fún ọba alààyè ti di ìrántí fún ọba tó wàjà, àwọn tí ọ̀fọ̀ náà dùn sì rí ẹni tó bá wọn sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn. Ọkùnrin tó kọ ọ́ náà kì í ṣe ọmọ tuntun mọ́. Ọdún méje lójú agbo ti kọ́ ọ ní ọ̀pọ̀ nǹkan, etí àwọn ènìyàn sì ti mọ ohùn rẹ̀ kí wọ́n tó gbé àwo náà sórí ẹ̀rọ. Láti ìgbà náà lọ, àwo ń tẹ̀ lé àwo.

Kò fi gìtá sí i

Ohun kan tó yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ olórin kíyè sí ni pé nígbà tí àwo àkọ́kọ́ kùnà, Hárúnà kò torí rẹ̀ yí orin padà. Àyè wà fún un láti yí i. Gìtá ni ayé ń wá nígbà yẹn. Ní 1949, ọdún kan lẹ́yìn tí àwo Orímolúsì kò tà, Àyìndé Bákàrè bẹ̀rẹ̀ sí í lo gìtá oníná nínú Jùjú. Bobby Benson àti àwọn oní-háíláìfù ń fọn fèrè kiri Èkó. Nígbà tó yá, I. K. Dáíró fi dùùrù àfọwọ́fà sínú Jùjú tirẹ̀, ó sì gba oyè MBE lọ́dọ̀ Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1963.

Hárúnà kò bá wọn lọ síbẹ̀. Ohun èlò òyìnbó kankan kò wọ inú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìlù, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, agogo, agídìgbo àti ohùn ènìyàn ló tó o. Ó máa ń jókòó kọrin ni, àwọn onígángan á wà lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀, àwọn elégbè á sì yí i ká. Kì í jó kiri, kì í pariwo. Ìlù rẹ̀ kì í sáré. Ohun tí ènìyàn bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, òun gan-an ni Hárúnà fi orin rẹ̀ ṣe. Àwọn tí kò gbọ́ èdè dáadáa lè rò pé orin náà ti lọ́ jù, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá yóò mọ̀ pé gbólóhùn kan ló ń rọra tú fún òun, kí òwe inú rẹ̀ lè wọlé.

Àwọn kan wà tí wọ́n ń bú irú olórin bẹ́ẹ̀ pé owó ló ń kọrin fún, pé ẹni tó bá ti lówó lọ́wọ́ ni ènìyàn rere lójú rẹ̀. A kò lè sọ pé kò sí òótọ́ kankan nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí orin ìwúrí ni iṣẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti ń jẹun. Ṣùgbọ́n ó ní ojú kejì. Àwọn oníṣòwò, àwọn awakọ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alájọṣe tí ìwé ìtàn kankan kò dárúkọ wọn, Hárúnà dárúkọ wọn. Ó sọ orúkọ òbí wọn, ó sọ ìlú wọn, ó sọ iṣẹ́ wọn. Lónìí, ohun tó kù tí etí fi lè gbọ́ nípa ẹlòmíràn nínú wọn kò ju ìwọ̀nba ìlà díẹ̀ nínú àwo Hárúnà Ìṣọ̀lá lọ.

Ta ló ni àwo?

Bí òkìkí rẹ̀ ṣe ń kàn, ọ̀rọ̀ mìíràn wá ń jẹ yọ. Olórin ló ń kọrin, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ àwọn òyìnbó ló ni ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀, òun ló ni àwo, òun náà ló sì ń pinnu iye tí yóò kan olórin. Hárúnà ti rí ojú méjèèjì ọ̀rọ̀ náà. Ó ti wà níbẹ̀ nígbà tí àwo rẹ̀ kò tà, ó sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń du ú rà.

Ní ọdún 1969, òun àti I. K. Dáíró pawọ́ pọ̀, wọ́n dá ilé iṣẹ́ Star Records sílẹ̀. Ẹ wo ohun ìyanu níbẹ̀. Mùsùlùmí ni ọ̀kan, ọmọ ìjọ Kérúbù ni èkejì. Àpàlà ni ọ̀kan ń kọ, Jùjú ni èkejì. Ọ̀kan kò jẹ́ kí ohun èlò òyìnbó sún mọ́ orin òun, èkejì ń fa dùùrù. Síbẹ̀ wọ́n ríran rí ohun kan náà, pé ẹni tó ń gbin iṣu yẹ kó ní ìpín nínú ọjà tí wọ́n ti ń tà á. Wọ́n ka Star Records sí ọ̀kan lára àwọn ilé iṣẹ́ àwo àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Áfíríkà tó jẹ́ ti àwọn olórin fúnra wọn.

Ìgbà náà ni àwo ńlá, tí ojú rẹ̀ kan ń gbà tó ogún ìṣẹ́jú, gbòde. Ohun tí Hárúnà ti ń wá láti 1948 dé sí i lọ́wọ́. Ó wá láyè láti júbà, láti kíni, láti pa òwe, kí ìlù sì dáhùn, láìsí pé àwo ń lé e lérè. Ní ọdún 1971, ilé iṣẹ́ Decca gbé àwo Oroki Social Club jáde fún un, èyí tó fi kí ẹgbẹ́ kan ní ìlú Òṣogbo. Àwo yìí ló tà jù nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ń kọ ìtàn rẹ̀ sọ pé iye tó tà lé ní mílíọ̀nù márùn-ún. Àwo Iná Ràn náà kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń rántí bí wọ́n bá dárúkọ Bàbá Ńgàní Àgbà, ìnagijẹ tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ fi ń pè é. Orin náà sì gbé e kọjá ilẹ̀ Nàìjíríà, ó kọrin dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní Yúróòpù.

Kò ṣàìní alátakò o. Kásúmù Àdìó ti bá a du ipò ṣáájú. Nígbà tó yá, Àyìnlá Ọmọwúrà dìde láti Abẹ́òkúta pẹ̀lú Àpàlà tó yára, tó gbóná, tó sì kún fún ọ̀rọ̀ ìgboro. Àwọn ọ̀dọ́ rọ́ lọ sọ́dọ̀ Àyìnlá, àwọn àgbà dúró ti Hárúnà, àríyànjiyàn lórí ta ni ọ̀gá kò sì tíì tán ní ọ̀pọ̀ ilé ẹmu títí dòní. Àyìnlá kú ikú oró ní Abẹ́òkúta ní 1980.

Ilé iṣẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Igbó

Nígbà tí ọ̀pọ̀ olówó ń kọ́ ilé sí Èkó, Hárúnà Ìṣọ̀lá gbé owó tirẹ̀ wá sílé. Ní ọdún 1979, ó dá ilé iṣẹ́ Phonodisk sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ibi tí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀ ni, ẹ̀rọ ibẹ̀ sì lè gba ohùn mẹ́rìnlélógún lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rọ tó lágbára ni nígbà yẹn, kì í ṣe ohun tí ènìyàn retí láti rí ní ìlú tó wà láàárín oko kòkó àti igbó gẹdú. Ọkùnrin tí kò fi gìtá kan ṣoṣo sínú orin rẹ̀ ló ra ẹ̀rọ tí àwọn onígìtá, afọnfèrè àti oní-dùùrù ń wá lò. Kò kórìíra ohun tuntun. Ohun tó kọ̀ ni pé kí ohun tuntun gba ipò orin tí wọ́n bí i bá.

Ìjọba Ààrẹ Shehu Shagari fi oyè MON dá a lọ́lá ní 1981. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1983, Alhaji Hárúnà Ìṣọ̀lá jáde láyé ní ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Ọdún mẹ́rin péré ló fi jẹ ọ̀gá ilé iṣẹ́ tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ wá owó rẹ̀.

Wọ́n ní bí iná bá kú, á fi eérú bojú, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, á fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ọmọ rẹ̀, Músílíù Hárúnà Ìṣọ̀lá, gbé Àpàlà dìde, àwo Ṣóyòyò tó gbé jáde ní 2000 sì mú kí àwọn ọmọ tí wọn kò tíì dáyé nígbà tí bàbá rẹ̀ wà láyé máa jó Àpàlà nínú ilé ijó. Àwọn olórin Fújì náà ti mú lára Àpàlà sínú iṣẹ́ wọn tipẹ́tipẹ́.

Ẹ̀kọ́ pọ̀ nínú ìgbésí ayé ọkùnrin yìí fún ẹnikẹ́ni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, yálà orin ni o, oko ni o, tàbí òwò. Ohun tí ọjà kọ̀ lónìí lè má burú, ó lè jẹ́ pé àkókò rẹ̀ ni kò tíì tó, tàbí pé ọwọ́ ẹni tó ń ṣe é ni kò tíì mọ́ ọn tó. Hárúnà Ìṣọ̀lá kò ju orin Orímolúsì nù nígbà tí kò tà. Ó tọ́jú rẹ̀, ó tún ara rẹ̀ ṣe, ó sì gbé e jáde lẹ́ẹ̀kejì. Bí àgbà kan bá ṣì ní àwo náà nínú àpótí nílé, kó má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọdé fi ṣeré, kó pè wọ́n jókòó, kó sì sọ ìtàn rẹ̀ fún wọn. Kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún olóògbé.